Kùkùté Kì í Purọ́

A kì í wà létí odò ká máa fi itọ́ ṣanwọ́. Ẹni tó pa òwe yìí kò tíì dé Woji. Láti ilé tí mò ń gbé ní ìlú Port Harcourt yìí dé etí omi, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀ omi inú ọ̀rá tí mo fowó rà ni mo fi ń ṣanwọ́. Bí omi bá kún láàárọ̀, á gbé ike àti ọ̀rá wá síbi tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́. Bó bá fà, á fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lórí ẹrẹ̀ dúdú, epo á sì máa dán lára ẹrẹ̀ náà bí ọrùn ẹyẹlé.

Lápá Trans-Amadi, lẹ́bàá omi kan náà, ni odò ẹran wà. Mo máa ń rò ó lọ́kàn ara mi pé bóyá nítorí pé etí omi ni wọ́n ti máa ń ṣan ẹran láyé àtijọ́ ni wọ́n ṣe ń pe ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù ní odò ẹran. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, orúkọ ti ro odò Woji. Ẹ̀jẹ̀ ń wọ inú rẹ̀, ìgbẹ́ màlúù ń wọ inú rẹ̀, eérú táyà tí wọ́n ti fi ń sun awọ láti ọjọ́ pípẹ́ ń wọ inú rẹ̀. Àìmọye ìgbà ni àwọn onímọ̀ láti yunifásítì ti bu omi yẹn lọ yẹ̀ wò. Kí n tó máa nàka sẹ́nikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi: mo fẹ́ràn pọ̀nmọ́, mi ò sì bi ẹni tó ń tà á rí pé iná wo ló fi sun ún.

Àlejò ni mí níbí. Ilẹ̀ àwọn Ikwerre ni Woji. Wọ́n sì ní àlejò lójú, kò fi ríran. Nítorí náà ohun tí mo bá sọ, ẹ fi ojú àlejò wò ó.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn kan wá láti ọ́fíìsì kan tí mi ò ní dárúkọ. Wọ́n pàgọ́ kánópì sí etí omi, wọ́n to àga, wọ́n wọ bàtà òjò tuntun tí ẹrẹ̀ kò tíì kàn rí. Igi mangrove ni wọ́n wá gbìn, igi tí gbòǹgbò rẹ̀ máa ń gbé e dúró lórí ẹrẹ̀ bí ẹsẹ̀ akàn. Ẹni tí kò bá rí irúgbìn igi yìí rí, ó yẹ kó rí i. Orí igi ìyá rẹ̀ ló ti ń hù, á gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀kọ̀, ìgbà tó bá gbó ni yóò já bọ́ sínú ẹrẹ̀. Bí èèyàn bá fẹ́ gbìn ín, kò nílò ọkọ́. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń tì í wọlẹ̀. Àwọn ọ̀gá kọ̀ọ̀kan ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọlẹ̀, wọ́n ya fọ́tò, àwọn ọmọṣẹ́ gbin ìyókù. Wọ́n ri pátákó ńlá kan mọ́lẹ̀, wọ́n kọ orúkọ ọ́fíìsì àti déètì sí i. Wọ́n jẹ ráìsì. Wọ́n lọ.

Omi kún ní alẹ́ ọjọ́ yẹn bó ti ń kún tẹ́lẹ̀. Ọ̀rá dé, ó wé mọ́ àwọn ọ̀gbìn náà lọ́rùn. Ọ̀gbìn tí ọ̀rá bá wé mọ́, bí omi bá ti kún tó fà lẹ́ẹ̀mẹta, á tẹrí ba. Bó bá pẹ́ díẹ̀ sí i, á dùbúlẹ̀. Kò sẹ́ni tó padà wá. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti kú. Pátákó kò kú ní tiẹ̀.

Ká ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe é, kó lè rí bó ṣe ń rí. Bí mo bá ti gbọ́ òwe yẹn, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni mo máa ń rántí, èyí tí gbogbo agbo ilé ń pè ní Bàbá Fọ́rẹ́sì. Ẹ̀ṣọ́ igbó ọba ni wọ́n, láyé ìgbà tí ọkọ̀ agbégẹdú ń já ara wọn sílẹ̀ lójú títì. Ìjọba fún wọn ní òòlù kan tí wọ́n gbẹ́ àmì àti nọ́ńbà sí lójú. Bí ẹni tó gbàwé àṣẹ bá gé igi, òòlù yẹn gbọ́dọ̀ kan ìdí gẹdú, ó sì gbọ́dọ̀ kan kùkùté tó kù nínú igbó. Iṣẹ́ méjì ni, ṣùgbọ́n ìkan ló rọrùn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ mìíràn á jókòó sábẹ́ igi lẹ́bàá títì, ọkọ̀ á dé, wọ́n á fi òòlù kan ìdí gẹdú, wọ́n á gba ohun tí wọ́n máa gbà, ó parí.

Bàbá Fọ́rẹ́sì á wọgbó. Mo bá wọn lọ lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá. A rìn títí ẹsẹ̀ fi ń ta mí. Nígbà tí a dé ìdí kùkùté náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fa àkísà kan yọ lábẹ́ ìgbànú wọn, wọ́n fi nu èérún igi àti oje kúrò lójú ibi tí wọ́n ti gé e, wọ́n wá fi àtàǹpàkò wá nọ́ńbà náà bí ẹni ń wá ẹ̀gún lábẹ́ ẹsẹ̀. Mo bi wọ́n pé, “Bàbá, kí lẹ tún ń wá lọ sídìí igi tí wọ́n ti gé tán?”

Wọ́n ní, “Gẹdú lè purọ́ fún ọ. Ẹni tó gbé e lè ní ibòmíì lòun ti gé e. Kùkùté kì í purọ́. Ibi tí wọ́n bí i sí náà ló wà.”

Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé ohun tí wọ́n sọ fún mi ni ìdí tí iṣẹ́ kan fi ń dáńtọ́, tí òmíràn fi ń jẹ́ ojú ayé. Òwe ilé wa ni pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹni tó bá ń fi tẹrú jẹ́ iṣẹ́, ojú ẹni tó rán an ló ń wò. Bójú yẹn bá yẹ̀, iṣẹ́ tán. Nǹkan tí a bá wá ń pè ní iṣẹ́ ìjọba, tí a máa ń sọ pé kì í ṣe iṣẹ́ bàbá ẹnì kan, ojú ta ni èèyàn fẹ́ wò? Ìjọba kò lójú.

Ìtọ́jú igbó àti ẹranko tún le ju iṣẹ́ ìjọba yòókù lọ. Bí wọ́n bá ṣe títì, ọkọ̀ á gba orí rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ́ afárá, a óò rí i. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀ṣọ́ bá ṣọ́ igbó dáadáa fún ogún ọdún, kí ni a óò rí? Igi tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ẹtu ń jẹko. Kò sí gómìnà tó máa gé rìbọ́n lára igi tí ẹnikẹ́ni kò gé. Ìdí nìyẹn tí pátákó àti ọ̀gbìn tuntun fi máa ń dùn mọ́ àwọn ọ́fíìsì ju lílọ bíbọ̀: ọjọ́ kan ni ti pátákó, ti lílọ bíbọ̀ kò lọ́jọ́.

Níbi tí a wà yìí, ní ìpínlẹ̀ Rivers kan náà, igbó kan wà tí wọ́n ń pè ní Upper Orashi, igbó inú àbàtà tó tẹ̀ lé odò Orashi. Ní ọdún 2008, wọ́n kọ ọ́ mọ́ àwọn ilẹ̀ olómi tí gbogbo ayé gbà pé ó ṣe iyebíye, lábẹ́ àdéhùn tí wọ́n ṣe ní ìlú Ramsar ní orílẹ̀-èdè Iran lọ́dún 1971. Hẹ́kítà 25,165 ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún un. Inú rẹ̀ ni ọ̀bọ kan wà tí wọ́n ń pè ní Sclater, èyí tí kò sí níbòmíì láyé yàtọ̀ sí gúúsù Nàìjíríà. Odídẹrẹ́ a máa kóra jọ sùn níbẹ̀ lálẹ́, odídẹrẹ́ yìí kan náà tí àwa Yorùbá ń fi ìkó rẹ̀ sára adé. Ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè tó wáyé ní Johannesburg lọ́dún 2016 ti fòfin de kíkó odídẹrẹ́ inú igbó láti ilẹ̀ kan lọ tà sí òmíràn. Ẹ wo orúkọ rẹpẹtẹ tí igbó kan ní: igbó ọba ni, ilẹ̀ Ramsar ni, ilé ẹyẹ tí òfin dáàbò bò ni. Bí èèyàn bá ka àwọn orúkọ yìí lórí ìwé, á rò pé kò sí ewu lóko. Ṣùgbọ́n orúkọ kọ́ ló ń ṣọ́gbó. Ẹsẹ̀ ni.

Orúkọ tún lè dé lẹ́yìn òkú. Lẹ́nu odò Ọya níbí, erinmi kékeré kan wà rí, aràrá láàárín àwọn erinmi. Ní ọdún 1945, òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn kan, I. R. P. Heslop, sọ pé òun yìnbọn pa á ní agbègbè yìí, ó kó agbárí mélòó kan jọ, ó sì ṣírò rẹ̀ pé bóyá ni èyí tó kù lápapọ̀ fi ju 30 lọ. Àwọn agbárí náà dé mùsíọ́ọ̀mù ní London. Ọdún 1969 ni onímọ̀ kan, G. B. Corbet, fara balẹ̀ wò wọ́n, ó rí i pé wọn kò rí bákan náà pẹ̀lú ti ilẹ̀ Liberia, ó wá fún wọn lórúkọ tiwọn. Orúkọ wo? Heslopi. Ẹni tó yìnbọn pa á ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Láti ìgbà Heslop wá, kò sẹ́ni tó tún mú ẹ̀rí tó dájú wá pé ọ̀kan ṣì wà láàyè. Ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè: a rò pé ọmọ èèyàn nìkan ni òwe yẹn ń bá wí.

Ẹni tó bá sì rò pé èrò rere nìkan ti tó, kó wá wo ọ̀pẹ Nypa. Ní ọdún 1906 ni ìjọba amúnisìn gbé e láti Singapore wá sí Calabar, pé kó máa di etí omi mú kí ilẹ̀ má baà ya. Ó di etí omi mú lóòótọ́. Èso rẹ̀ ń léfòó, omi sì ń gbé e kiri bí ọkọ̀ tí kò ní atukọ̀; láti Calabar, ó ti gba odò kan bọ́ sí òmíràn títí tó fi dé ọ̀dọ̀ tiwa. Ibi tó bá ti di, mangrove kò ráyè hù, akàn àti ìṣáwùrú tó ń gbé ìdí mangrove a sì wábi gbà. Ẹni tó gbé e wá kò ní èrò búburú lọ́kàn. Ó kàn gbìn ín ni, kò padà wá wo ohun tó gbìn. Àwọn tó wá gbin mangrove ní Woji pàápàá, bí ọ̀gbìn wọn ṣe ń kú ni èso Nypa ń gúnlẹ̀ sí àyè rẹ̀.

Ṣé gbogbo ìjọba ìpínlẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀ ni? Rárá. Èyí tí mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ jìnnà sí wa díẹ̀, ìpínlẹ̀ Bauchi ni. Yankari, igbó tó fẹ̀ tó kìlómítà onígun mẹ́rin 2,244, di ọgbà ìjọba àpapọ̀ ní ọdún 1991. Ní ọdún 2006 ó padà sọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Bauchi. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ó parí fún un nìyẹn, ó sì fẹ́ parí fún un lóòótọ́, nítorí àwọn apẹran tó ń wá eyín erin kò sinmi. Ní ọdún 2014, ìjọba Bauchi bá ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Wildlife Conservation Society wọ àdéhùn pé kí wọ́n jọ máa darí ibẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe kò ní ìdán nínú. Wọ́n fún àwọn ẹ̀ṣọ́ ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń kọ gbogbo ibi tí ẹsẹ̀ wọn bá tẹ̀. Bí wọ́n bá padà sí ibùdó wọn, wọ́n á so ẹ̀rọ náà mọ́ kọ̀ǹpútà, àwòrán igbó á jáde, ilà tí ẹ̀ṣọ́ rìn á sì hàn lórí rẹ̀ bí ipa ìgbín lára ògiri. Ibi tí ilà kò bá dé, ẹsẹ̀ kò débẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ lè ní òun rin gbogbo igbó já. Ẹ̀rọ náà kò mọ ìtàn. Nígbà tí mo kà nípa rẹ̀, ẹ̀rín pa mí. Àtàǹpàkò Bàbá Fọ́rẹ́sì ni wọ́n gbé sínú ẹ̀rọ.

Yankari ni agbo erin tó pọ̀ jù lọ tó kù ní Nàìjíríà wà títí di òní. Òun àti Kainji nìkan ni ibi tí a mọ̀ pé kìnnìún ṣì wà ní orílẹ̀-èdè yìí. Mi ò sọ pé gbogbo rẹ̀ ti gún. Màlúù ṣì ń wọ ibẹ̀ jẹko, ọdẹ ṣì ń yọ́ wọlé. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín ilé tí olè ń yọ́ wọ̀ àti ilé tí kò nílẹ̀kùn.

Ẹ̀ṣọ́ kì í gbọfà lẹ́yìn. Wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ yìí ki akin, a sì máa ń gbàgbé pé ẹni tí wọ́n ń sọ ọ́ fún nílò oúnjẹ. Ẹ̀ṣọ́ igbó ń kú sẹ́nu iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Apẹran tó ń bọ̀ gbé ìbọn tó dára ju ti ẹ̀ṣọ́ lọ, owó sì wà lápò ẹni tó rán an. Ìjọba tó bá jẹ ẹ̀ṣọ́ lówó oṣù mélòó kan, tó wá ń bi í pé kí ló dé tí kò fi débi tó yẹ kó dé, kó rántí pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Nínú igbó Ọmọ́ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí erin ṣì kù sí nílẹ̀ Yorùbá, àwọn tó ti ṣọdẹ rí ni wọ́n gbà síṣẹ́ ẹ̀ṣọ́. Ọgbọ́n gidi nìyẹn. Ẹni tó mọ ibi tí ọdẹ ń lúgọ sí ló mọ ibi tó yẹ kó lọ wò. Ṣùgbọ́n ọdẹ àtijọ́ tí wọn kò bá san owó rẹ̀, kò tíì gbàgbé ọ̀nà ìdọdẹ.

Ohun tó tún ń yà mí lẹ́nu ni pé àwọn kan wà tí ẹnikẹ́ni kò san kọ́bọ̀ fún, tí iṣẹ́ wọn sì dáńtọ́ ju ti ọ́fíìsì lọ. Ọ̀bọ Sclater tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ní ìlú Lagwa ní ìpínlẹ̀ Imo, kò jìnnà sí wa níbí, èèwọ̀ ni pípa rẹ̀. Òrìṣà ilẹ̀ wọn ló ni ín. Ọ̀bọ náà a máa jẹ oko wọn, a máa wọ inú ọgbà ẹ̀yìnkùlé wọn, wọ́n á bínú, wọ́n á lé e, wọn kò ní pa á. Ọ́fíìsì kan kò sí níbẹ̀, pátákó kò sí. Ojúlé sí ojúlé ni wọ́n ti ń bojú tó o láìmọye ọdún. Mi ò ní ká sọ gbogbo igbó di ti òrìṣà. Ṣọ́ọ̀ṣì ti ń pọ̀ sí i níbẹ̀ náà, èèwọ̀ sì ń rọ̀. Ohun tí mò ń wí ni pé wọ́n ń rí i lójoojúmọ́. Ẹ̀bá rẹ̀ ni wọ́n ti ń ro oko, ẹ̀bá rẹ̀ ni ọmọ wọn ti ń ṣeré. Bí ọ̀kan bá sọnù, ẹnì kan á mọ̀.

Bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fín igbá mọ́, èyí tó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. A fẹ́ràn òwe yẹn nítorí pé ó ń pọ́n oníṣẹ́ ọwọ́ lé. Ṣùgbọ́n igbó kì í ṣe igbá. Ọ̀nà tí onírèsé fín sára igbá lọ́dún tó kọjá, ibẹ̀ náà ló wà. Ìṣọ́ tí ẹ̀ṣọ́ ṣe lọ́dún tó kọjá, ó ti tán lọ́dún tó kọjá. Bàbá Fọ́rẹ́sì fẹ̀yìntì, wọ́n dá òòlù padà, igbó tí wọ́n ṣọ́ fún ọgbọ̀n ọdún sì di oko láàárín ọdún mélòó kan. Wọ́n wà láàyè nígbà tó ṣẹlẹ̀. Wọn kò sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa rẹ̀. Àkísà yẹn, wọ́n sọ ọ́ di èyí tí wọ́n fi ń nu kẹ̀kẹ́.

Ní Sátidé tó kọjá, mo sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí omi láti ka ọ̀gbìn mangrove tó kù. Mi ò mọ ohun tó gbé mi débẹ̀. Bóyá àròjinlẹ̀ yìí náà ni. Omi ń kún bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyá kan tó máa ń ta ìṣáwùrú lẹ́bàá ibẹ̀ jókòó sẹ́nu ọkọ̀ rẹ̀, ó ń fi ọ̀bẹ gé ìdí ìṣáwùrú sínú agbada, ìró rẹ̀ ń dún bí òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo ká ṣòkòtò sókè, mo ń ka igi lọ. Àwọn tó kù ti gùn dé eékún mi, wọ́n ti ń ta gbòǹgbò sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ṣàkíyèsí pé kò sí ọ̀rá lára ìkankan nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ọ̀rá kún gbogbo àyíká.

Ìyá náà ń wò mí. Pidgin la jọ ń sọ. Ó ní, “Ọ̀gá Yorùbá, ta ló rán ọ?”

Mo ní, “Mama, kò sẹ́ni tó rán mi o. Mo kàn fẹ́ mọ iye tó kù ni. Mo ka mẹ́rìnlá.”

Ó ju ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní mẹ́rìndínlógún ni. Ó ní méjì wà lẹ́yìn ọkọ̀ òun, omi ti bò wọ́n.

Mo fẹ́ sún mọ́ ibẹ̀ kí n lọ wò ó. Ó ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, kí n jókòó, kí n dúró kí omi fà.